Ọrún: Ọjọ́ Mẹ́rin Tí À Ń Pè Ní Márùn-ún

Ìwé ọjà ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló tú àṣírí mi pé ọ̀rọ̀ kan tí mo ti ń sọ láti kékeré, n kò mọ̀ ọ́n dé ìdí. Ẹ̀lùbọ́ ni Màmá ń tà, ní ìlú kékeré kan lẹ́yìn Ọ̀yọ́. Èèpo ẹ̀yìn ìwé náà ti já, epo ti kan ojú ewé bíi mélòó kan, ṣùgbọ́n ọmọ wọn obìnrin tó ń bá wọn kọ ọ́ kì í ṣe ọ̀lẹ: ọjọ́, iye kóńgò tí wọ́n tà, iye owó tó wọlé, ìlà kan fún ọjà kan. Mo yá a lọ́wọ́ wọn torí pé àkọsílẹ̀ gidi ni mò ń wá. Pandas ni mo ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní kíláàsì mi, àkójọ irinṣẹ́ tí à ń fi èdè Python yẹ àkọsílẹ̀ wò. Ẹranko dúdú-funfun ilẹ̀ Ṣáínà kọ́ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ o. Wes McKinney tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2008 yọ orúkọ náà lára panel data, èdè àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé àlàyé rẹ̀. Mo ti ń kọ ti Yorùbá díẹ̀díẹ̀ fún àwọn ọmọ mi, iṣẹ́ kan lẹ́yìn òmíràn, mo sì ti dé orí resample.

Iṣẹ́ tí resample ń ṣe kò le lójú. O ní ìlà àkọsílẹ̀ tí ọjọ́ tàbí agogo wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, o sọ fún un bí sáà kan ṣe gùn tó, ó wá kó gbogbo ìlà tó bọ́ sínú sáà kan náà sínú apẹ̀rẹ̀ kan, kí o tó ní kó ro ohun tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan pọ̀, tàbí kó wá ìpíndọ́gba wọn, tàbí èyí tó tóbi jù. Wákàtí á di ọjọ́, ọjọ́ á di oṣù. Gẹ̀ẹ́sì ń pe apẹ̀rẹ̀ yìí ní bin nínú gbólóhùn kan, ó ń pè é ní bucket nínú èyí tó tẹ̀lé e, bíi pé ohun méjì ni. Apẹ̀rẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn. Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín nígbà tí mo rí i pé àpẹẹrẹ tí à ń dì àti apẹ̀rẹ̀ tí à ń dì í sí, ohùn ẹnu nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ yà wọ́n.

Mo pe Màmá lórí fóònù. Mo ní, "Ẹ kú ọjà o, Màmá. Ọjà yín, báwo ló ṣe ń ná?"

Wọ́n ní, "Ọrọọrún ni, Àkànní. Ṣé o ti gbàgbé ni?"

N kò gbàgbé. Ọrọọrún: ọrún sí ọrún. Ọrún: àrún ló wà nídìí rẹ̀. Àrún kò sì ju márùn-ún lọ. Mo kọ 5D fún ẹ̀rọ, ìyẹn ọjọ́ márùn-ún, mo ní kó ro owó inú apẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan pọ̀. Apẹ̀rẹ̀ méjì àkọ́kọ́ fúyẹ́. Ìkẹta wúwo, ó lé ní ₦120,000. Mẹ́ta tó tẹ̀lé e, kò sí èyí tó dé ₦70,000 nínú wọn. Ìkeje tún wúwo. Mẹ́ta fúyẹ́, ọ̀kan wúwo, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ títí ìwé fi tán, ó dọ́gba bí ẹni fi okùn wọ̀n ọ́n. Ìwúrí bá mi. Mo ti ń wá ìdí: bóyá àwọn alájàpá Èkó ló ń wá kó ẹ̀lùbọ́ lẹ́ẹ̀kan lógún ọjọ́, bóyá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ló ń pín owó. Mo tún pe Màmá láti fi ọgbọ́n mi hàn wọ́n. Wọ́n dákẹ́ títí mo fi rò pé fóònù ti já.

"Àkànní, ta ló sọ fún ẹ pé ọjọ́ márùn-ún ni ọrún?"

Ẹ jẹ́ ká kà á. Bí ọjà bá ná lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì ni yóò tún ná. Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì: ó pé márùn-ún. Ṣùgbọ́n láti Ajé lọ sí Ẹtì, oorun mẹ́rin péré ni ènìyàn sùn. Ẹni tó ka ọrún ka ọjọ́ ọjà tó kọjá, ó sì ka ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀rọ tèmi ka ọ̀kan, ó fi ìkejì sílẹ̀. Nígbà tí mo wá fún un ní ọjọ́ márùn-ún gbáko fún apẹ̀rẹ̀ kan, tí ọjà sì ń padà dé ní ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin, apẹ̀rẹ̀ kẹta gbé ọjà méjì, ti ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ti ọjọ́ tó parí. Mẹ́ta tó tẹ̀lé e gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìkeje tún gbé méjì. Ọjà márùn-ún nínú apẹ̀rẹ̀ mẹ́rin. Kò sí alájàpá Èkó kankan níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò dá wà. Ìsán wà, tí ẹ̀sán wà nídìí rẹ̀: ọjà ìsán ni èyí tó ń ná lọ́jọ́ mẹ́jọ-mẹ́jọ. Ìtàdógún wà, tí ẹ̀tàdínlógún wà nídìí tirẹ̀: ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ló máa ń pé. Àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn àti àwọn tó ń ra aṣọ òkè l'Ójèé n'Ìbàdàn mọ ìtàdógún dáadáa. Ẹ kọ wọ́n bí ẹnu ṣe ń pè wọ́n, 5, 9, 17, wọ́n á dà bí ọmọ ìyá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ kọ wọ́n bí oòrùn ṣe ń là, 4, 8, 16, ẹ ó rí i pé ìlọ́po méjì-méjì ni wọ́n. Ìdí nìyẹn tí ọjà ìsán fi lè jókòó sáàárín ọjà ọrún láìforígbárí, tí ìtàdógún náà sì ń bọ́ sórí ọjọ́ ọjà nígbà gbogbo.

Níbí ni mo ti fi kálámù sílẹ̀ tí mo mú ẹyọ àgbàdo. Mo to márùn-ún sórí tábìlì. Ọrún kan nìyẹn. Mo fẹ́ to ọrún kejì sí i: ẹyọ tó parí ti àkọ́kọ́ náà ló bẹ̀rẹ̀ ti èkejì, nítorí náà mẹ́rin péré ni mo fi kún un. Mẹ́sàn-án. Ìsán dé. Mo tò ó dé ọrún mẹ́rin. Ká ní n kò so wọ́n pọ̀ ni, márùn-ún lọ́nà mẹ́rin ìbá jẹ́ ogún. Ṣùgbọ́n oríkèé mẹ́ta wà láàárín ọrún mẹ́rin, ẹyọ kan ló sì jókòó sí oríkèé kọ̀ọ̀kan fún ìhà méjèèjì. Mẹ́ta dín lógún. Ẹ̀tàdínlógún. Mo jókòó, mo ń wo ẹyọ àgbàdo. N kò ní parọ́ pé àwọn baba wa mọ̀ọ́mọ̀ fi ìṣirò oríkèé sínú orúkọ náà. Gbogbo ohun tó bá jẹ́ 17 ni Yorùbá ń pè ní mẹ́tàdínlógún, ì báà ṣe ewúrẹ́. Síbẹ̀, orúkọ náà ṣe ìṣirò ọ̀hún lẹ́nu ẹni tó ń pè é, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀.

Ọ̀nà tí èdè yìí ń gbà ka ọjọ́ nìyẹn láti ilẹ̀ wá, kì í ṣe ti ọjà nìkan. Ìjẹta: ọjọ́ ẹ̀ta. Òní jẹ́ ọ̀kan, àná jẹ́ èjì, èyí tó ṣáájú àná jẹ́ ẹ̀ta. Ìdúnta náà kò yàtọ̀, ọdún yìí wà nínú mẹ́ta rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e ni wọ́n ń sọ ọ́ lórúkọ, tí gbogbo ẹbí á sì ní ó pé ọjọ́ kẹjọ. Fídáù ọjọ́ kẹjọ náà, bákan náà. Ẹ sì wo ọ̀sẹ̀. Kí ó tó di ọjọ́ méje tí ṣọ́ọ̀ṣì àti ọ́fíìsì ń lò, ọjọ́ ìsìn òrìṣà ni: ọ̀sẹ̀ Ọbàtálá, ọ̀sẹ̀ Ifá, ọ̀sẹ̀ Ògún, ọ̀sẹ̀ Jàkúta. Mẹ́rin ni wọ́n. Kò sí ìkarùn-ún. Síbẹ̀ olórìṣà á sọ fún ọ pé ọjọ́ karùn-ún-karùn-ún lòun ń ṣe ọ̀sẹ̀, kò sì ṣì í sọ.

Mo ti ṣiṣẹ́ rí níbi kan tí wọ́n ti ń kó àkọsílẹ̀ àìsàn jọ láti ojúlé dé ojúlé. Ìbéèrè kan ni: láti ìgbà wo ni ibà ti ń ṣe ọmọ náà? Ìyá ọmọ á ní, "Ìjẹta." Akọ̀wé kan á kọ 2, èkejì á kọ 3, olóòótọ́ sì ni àwọn méjèèjì. Ìgbà tí ìwé fi dé orí tábìlì wa, kò sẹ́ni tó lè mọ ẹni tó ka òní mọ́ ọn nínú wọn. Ìwé ìlànà tí wọ́n fún àwọn akọ̀wé nípọn bíi bíríkì, ṣùgbọ́n kò sí ìlà kan nínú rẹ̀ nípa ìjẹta.

Irú ìwé ìlànà bẹ́ẹ̀ ti ba kàlẹ́ńdà odidi ilẹ̀ ọba kan jẹ́ nígbà kan. Àwọn ará Róòmù náà ń kà bíi tiwa. Ọjà wọn ń ná lọ́jọ́ mẹ́jọ-mẹ́jọ, nundinae ni wọ́n ń pè é, ẹ̀sán ló sì wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ìsán ni, ní èdè mìíràn. Nígbà tí Julius Caesar tún kàlẹ́ńdà ṣe, tí èyí tuntun bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 45 ṣáájú ìbí Jésù, ó pàṣẹ pé kí wọ́n máa fi ọjọ́ kan kún ọdún ní ọdún mẹ́rin-mẹ́rin. Wọ́n pa á lọ́dún tó tẹ̀lé e. Ó ku àṣẹ, kò sí ẹni tó kọ ọ́ mọ́ láti bi. Àwọn àlùfáà tí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ wọn ka "ọdún kẹrin" bí wọ́n ṣe ń ka ọjọ́ ọjà: wọ́n ka ọdún tí wọ́n ti fi ọjọ́ kún gẹ́gẹ́ bí ìkíní. Ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ló wá di. Ọdún 36 ni wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 12 ni wọ́n fi kún un dípò 9. Olú ọba Augustus ló wá ní kí wọ́n dáwọ́ dúró fún ọdún 12, kí ọjọ́ mẹ́ta tó lé lè jò dànù. Kò sí òpè nínú wọn. Ọ̀rọ̀ kan ló wà nínú àṣẹ náà tí ẹni tó kọ ọ́ rò pé ó yé gbogbo ènìyàn.

Ìtàn yìí ló wà lọ́kàn mi nígbà tí mo padà síbi tí ìwé àlàyé resample ti sọ̀rọ̀ lórí closed. Gẹ̀ẹ́sì ní closed ni ìhà tí apẹ̀rẹ̀ ti "sé": òsì tàbí ọ̀tún. Mo kọ́kọ́ kọ ọ́ báyìí: ìhà tí a tì. Mo kà á fún akẹ́kọ̀ọ́ kan, ọmọ ọlọ́pọlọ, mo ní kó sọ ohun tó gbọ́. Ó ní ìhà tí a tì ni ìhà tí ìlà kankan kò lè gbà wọlé. Òdìkejì gan-an ni. Lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ìṣirò, ìhà tí a sé ni ìhà tí ààlà fúnra rẹ̀ wà nínú ilé. Ìhà tí a ṣí sílẹ̀ ni ààlà ti bọ́ síta. Ilẹ̀kùn tí a tì lédè wa, ìta ló ń lé ènìyàn sí. Ká ní mo fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ mi ìbá máa rí apẹ̀rẹ̀ ọ̀tún ní òsì títí ayé.

Oko ni mo ti rí ọ̀rọ̀ tí mo fi rọ́pò rẹ̀. Pèrègún ni wọ́n máa ń gbìn sí ààlà láàárín oko méjì. Ìbéèrè tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ ni: ta ló ni ibi tí pèrègún gan-an wà? Closed, ìbéèrè yẹn ni. Apẹ̀rẹ̀ méjì pàdé ní agogo kan. Ìlà kan jókòó sórí agogo náà gẹ́lẹ́. Èwo nínú wọn ló ni ín? Mo pe closed ní ẹni tó ni ààlà. Bí a bá kọ left, apẹ̀rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ló ni ín. Bí a bá kọ right, apẹ̀rẹ̀ tó parí síbẹ̀ ló ni ín. Kò sí ìkẹta, torí pé ìlà kan kò lè wà nínú apẹ̀rẹ̀ méjì, owó á di ìlọ́po.

Àpẹẹrẹ tó wà nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì náà dára, mo gbà á wọlé bó ṣe wà. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni, lọ́jọ́ kìíní ọdún 2000, láti 00:00 dé 00:08, tí nọ́mbà 0 dé 8 wà lára wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. A ní kó dì wọ́n ní ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta, kó rò wọ́n pọ̀. Ó mú 3, 12 àti 21 wá: 0, 1, 2; 3, 4, 5; 6, 7, 8. Ó yé ọmọdé. Wọ́n wá yí label sí ọ̀tún. Label ni orúkọ tí à ń kọ sára apẹ̀rẹ̀. Iye kò yí padà, 3, 12, 21 náà ni, ṣùgbọ́n 00:03 ló ti wà lára apẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́ báyìí. Ìwé náà sì dúró kìlọ̀ níbẹ̀ bí àgbà: apẹ̀rẹ̀ tó ń jẹ́ 00:03, ìṣẹ́jú 00:03 kò sí nínú rẹ̀. Orúkọ wà lára ilé, onílé ń gbé ojúlé kejì. Nígbà tí wọ́n yí closed náà sí ọ̀tún ni orúkọ àti onílé tó pàdé, apẹ̀rẹ̀ sì di mẹ́rin: 0, 6, 15, 15. Ìṣẹ́jú 00:00 nìkan ló dá wà nínú àkọ́kọ́ wọn, torí ó ti di ìrù fún apẹ̀rẹ̀ kan tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ kò sí. Ẹ rò wọ́n pọ̀ lọ́nà méjèèjì, 36 ni. Kò sí owó tó sọnù, síbẹ̀ ẹni tó wo àwòrán méjèèjì á rò pé ọjà méjì ni.

Èyí tó wá ń bí mi nínú díẹ̀ ni pé irinṣẹ́ náà kò ní ìwà kan ṣoṣo. Tí o kò bá sọ nǹkan kan, òsì ló máa ń fún ní ààlà. Ṣùgbọ́n tí ó bá jẹ́ ìparí oṣù, ìparí ìdá mẹ́rin ọdún, ìparí ọdún tàbí ọ̀sẹ̀ lo béèrè, ọ̀tún ló ń fún. Ẹni tó kọ W lásán ti gba ọ̀sẹ̀ tó parí lọ́jọ́ Àìkú, tí Àìkú wà nínú rẹ̀, tí wọ́n sì fi ọjọ́ Àìkú kọ orúkọ sí i lára. Ẹ gbìyànjú àtisọ fún ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì pé Àìkú ló parí ọ̀sẹ̀. Ohun rere kan ni pé láti ẹ̀dà 2.2 tó jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2024, M tó dúró fún ìparí oṣù ti ń di ME, kí ìparí lè hàn nínú orúkọ. Àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ kì í sùn. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 2018, àwọn olùyọ̀ǹda ara wọn ní ọ̀pọ̀ ìlú jókòó lọ́jọ́ kan náà, kì í ṣe láti ṣẹ̀dá iṣẹ́ tuntun, ìwé àlàyé nìkan ni wọ́n tún ń kọ. Mo bọ̀wọ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ju bí mo ṣe bọ̀wọ̀ fún ẹni tó gbé irinṣẹ́ tuntun jáde lọ.

Àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ní ìdí tí wọ́n fi fẹ́ràn kí ìhà kan ni ààlà kí ìkejì má ni ín. Edsger Dijkstra, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, kọ ìwé ṣókí kan lórí rẹ̀ ní 1982: tí a bá ka ìbẹ̀rẹ̀ tí a kò ka òpin, ìyọkúrò ọ̀kan lára èkejì náà ni gígùn, sáà méjì tó tẹ̀lé ara wọn á sì pàdé láìgun ara wọn lórí. Òótọ́ ni. Bí a bá ń pín owó sínú apẹ̀rẹ̀, ọ̀nà yẹn ló yẹ wá. Ṣùgbọ́n mo rí i pé pandas fúnra rẹ̀ ń kà bíi Màmá nígbà tí kò bá sí apẹ̀rẹ̀ láti pín. Sọ fún loc, irinṣẹ́ tó ń yan ìlà, pé kó mú ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì wá fún ọ nínú àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́, ọjọ́ márùn-ún ni yóò kó wá, Ajé wà níbẹ̀, Ẹtì wà níbẹ̀. Rolling wà tó jẹ́ fèrèsé tó ń rìn lórí àkọsílẹ̀. Ìyẹn kò kọ̀ kí o fún un ní closed tó ń jẹ́ both, kí ìhà méjèèjì jọ ni ààlà. Mo fún un ní 4D àti both, mo ka iye ọjọ́ tó wà nínú fèrèsé. Márùn-ún. Mo pariwo lóru. Ọrún ni wọ́n kọ síbẹ̀, àwọn tó kọ ọ́ ni kò mọ orúkọ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́ sínú ìwé tèmi: ọrún kì í ṣe gígùn apẹ̀rẹ̀, ìwọ̀n láti ọjà dé ọjà ni, tí a ka ọjà méjèèjì mọ́ ọn. Ẹni tó bá fẹ́ dì í kó lo 4D. Ẹni tó bá fẹ́ fi ojú rẹ̀ wò ó kó lo rolling.

Mo yí 5D padà sí 4D. Òkè àti ìsàlẹ̀ tó ń yà mí lẹ́nu parẹ́, ọjà kọ̀ọ̀kan dúró láyè ara rẹ̀, èyí tí òjò pa fúyẹ́, èyí tó ṣáájú Iléyá wúwo. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, mo sì gbé e lọ fún Màmá nígbà tí mo lọ kí wọn. Ọmọ wọn kà á sí wọn létí, ọjọ́ àti owó. Ní ìlà kẹta Màmá gbé ọwọ́ sókè.

"Ọjọ́ yẹn kọ́ ni ọjà wa. Ọjọ́ yẹn, mò ń gún ẹ̀lùbọ́ nílé ni."

Àwọn ni wọ́n jàre. Ìwé náà kò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ ọjà. Ọmọ wọn ti kọ owó iṣu tí wọ́n rà ní ọjọ́ méjì ṣáájú ọjà àkọ́kọ́ sí òkè ewé, resample sì mú òru ọjọ́ yẹn ní ìpìlẹ̀, ó ń ka mẹ́rin-mẹ́rin láti ibẹ̀. Owó tọ̀nà, ọjọ́ tí wọ́n fi pè é ni kò tọ̀nà. Bí ẹnì kan bá tún rí ewé àtijọ́ kan tó fi kún un, gbogbo orúkọ á tún sún. Origin ni wọ́n ṣe fún èyí, láti ẹ̀dà 1.1 ní 2020: o lè sọ ọjọ́ tí ìkà yóò ti bẹ̀rẹ̀ fún un. Àlàyé Gẹ̀ẹ́sì ní àsìkò tí a ó fi tún ìlà apẹ̀rẹ̀ tò ni. Mo bi Màmá pé èwo ni ọjọ́ ọjà tó dá wọn lójú jù lọ nínú gbogbo èyí tí wọ́n ti ná.

Wọ́n rò ó díẹ̀. Wọ́n ní ọjà tó ṣáájú ìsìnkú bàbá wa ni, àwọn kò lè gbàgbé rẹ̀. Mo fi ọjọ́ náà sí origin níbẹ̀ lójú wọn, lórí kọ̀ǹpútà orí ẹsẹ̀ mi, mo sì ní kí wọ́n bá mi yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọjà ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ bá a mu.

Màmá na ọwọ́ òsì wọn síwájú. Láti ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ti ń kà á padà sẹ́yìn, wọ́n ń pe ọjọ́ lẹ́nu, wọ́n ń tẹ ìka. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ lórí àtàǹpàkò: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, wọ́n sì dé ọmọńdinrín ní àrún. Mo rò pé wọ́n á padà sórí àtàǹpàkò kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Wọn kò padà. Orí ọmọńdinrín náà ni wọ́n dúró sí, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní, "Ọ̀kan," wọ́n sì ń ti ibẹ̀ kà á bọ̀ sí àtàǹpàkò.